Switch tòkunbọ̀ tí kò jẹ́ kí n wọlé: ẹ gbà mí o, ẹ̀yin ará Ìkòròdú

Ọmọ_Sábó

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin àgbà. Ilé ìdánrawò kọ̀ǹpútà ni mo ti ń ṣiṣẹ́ ní Sábó, níbi tí àwọn ọmọ tó fẹ́ wọ yunifásítì ti ń fi ìbéèrè JAMB dánra wò. Kọ̀ǹpútà méjìdínlógún ló wà nínú gbọ̀ngàn, sáfà kan, ẹ̀rọ ìtẹ̀wé kan ní ọ́fíìsì, àti Wi-Fi tí àwọn òbí ń lò níwájú bí wọ́n bá ń dúró de ọmọ wọn. Àwọn switch kéékèèké onípọ́ọ̀tù mẹ́jọ (switch ni àpótí tó ń so àwọn kọ̀ǹpútà pọ̀, pọ́ọ̀tù ni ihò tí wáyà ń wọ̀ lára rẹ̀) la ti ń lò látọjọ́ yìí, a sín wọn mọ́ra bí ìlẹ̀kẹ̀.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, ọmọ kan tó bá ìyá rẹ̀ wá jókòó sórí Wi-Fi àlejò, ó fi fóònù rí sáfà wa, ó sì ń ṣí fáìlì ìbéèrè wò bí ẹni ń ṣí ìwé ìròyìn. Ọ̀gá mi bínú gidi. Ló bá lọ ra Cisco 2960 onípọ́ọ̀tù mẹ́rìnlélógún, tòkunbọ̀, ní Computer Village ní Ìkẹjà, ó gbé e lé mi lọ́wọ́ pé èmi ni mo kàwé kọ̀ǹpútà, kí n lọ pín àlejò àti sáfà níyà.

Mo so ó mọ́ laptop, pásíwọ́ọ̀dù ló ń béèrè. Mo ti tẹ "cisco", mo ti tẹ "admin", mo ti tẹ orúkọ oríṣiríṣi. Ẹni tó tà á fún wa ní òun kò mọ nǹkan kan nípa ẹ̀. Kí ni kí n ṣe?

BàbáWáyà

Àbúrò, fọkàn balẹ̀. Ẹni tí switch bá wà lọ́wọ́ rẹ̀ ló ni ín. Pásíwọ́ọ̀dù ẹni àná kò lè dá a dúró. Ìdí nìyẹn tí mo fi máa ń pariwo pé kí ẹ ti kọ́bọ́ọ̀dù tí switch wà nínú rẹ̀ pa, ṣùgbọ́n ẹjọ́ ọjọ́ mìíràn nìyẹn.

Wá wáyà console. Èyí tó rí pẹlẹbẹ, aláwọ̀ ojú ọ̀run. Ẹnu rẹ̀ kan jọ ti wáyà íntánẹ́ẹ̀tì, ẹnu kejì lè jẹ́ USB. Ihò tí wọ́n kọ CONSOLE sí ni kí o kì í bọ̀. Lára irú tìrẹ, ẹ̀yìn ló sábà máa ń wà. Ṣí PuTTY (ètò orí laptop tí a fi ń tẹ àṣẹ sí switch), mú Serial, lọ wo Device Manager kí o mọ nọ́ńbà COM tí laptop fún wáyà náà, kí o sì fi 9600 sí ibi speed. Tó kù: data bits 8, parity None, stop bits 1, kí flow control náà jẹ́ None. Bí ó bá jẹ́ àmì wúruwùru ni o ń rí bí èdè iwin, speed yẹn ni kò bára mu.

Ó yá, yọ iná lára switch. Fi ìka tẹ bọ́tìnnì MODE tó wà níwájú lọ́wọ́ òsì, má gbé ìka kúrò, kí o wá ki iná bọ̀ ọ́ padà. Máa tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ títí iná SYST á fi yí sí ìyeyè fẹ́rẹ́, tí á sì wá dúró gbọn-in ní àwọ̀ ewé. Ìgbà náà ni kí o jọ̀wọ́ rẹ̀. Wàá rí `switch:` lásán. Tẹ àwọn wọ̀nyí lọ́kọ̀ọ̀kan:

```
flash_init
dir flash:
rename flash:config.text flash:config.text.old
delete flash:vlan.dat
boot
```

config.text ni ìwé tí ẹni àná kọ gbogbo òfin rẹ̀ sí. A kò pa á rẹ́, a kàn yí i lórúkọ padà kí switch má bàa dá a mọ̀ nígbà tó bá jí. vlan.dat ni àwọn èèyàn máa ń gbàgbé. Ibẹ̀ ni VLAN ẹni àná (ìpín tí switch fi ń ya àwọn ẹ̀rọ sọ́tọ̀ọ̀tọ̀) ń gbé, kì í sábà sí nínú ìwé àkọ́kọ́ yẹn. Bí o kò bá pa á, wàá máa rí VLAN "ACCOUNTS" àti "HR" nínú ilé ìdánrawò tí kò ní ju òṣìṣẹ́ mẹ́rin lọ.

Bí ó bá jí, á bi ọ́ bóyá o fẹ́ initial configuration dialog. Sọ pé `no`.

Ọmọ_Sábó

Bàbá, ẹ ṣé gan-an! Ẹ̀ẹ̀mejì ni mo ṣe é. Lẹ́ẹ̀kíní mo tètè gbé ìka kúrò, ó sì jí bí ẹni pé nǹkan kan kò ṣe é. Lẹ́ẹ̀kejì ó gbà. Mo ti wà nínú ẹ̀ báyìí, mo ti rí `Switch>`.

Ọmọ_Sábó

Èmi náà nìyí o. Mo wo fídíò kan láàárọ̀, mo pín pọ́ọ̀tù, mo fún un lórúkọ, gbogbo ẹ̀ ń ṣiṣẹ́ dáadáa. Lọ́sàn-án wọ́n mú iná lọ, ìnfátà wa kò sì gbé e ju wákàtí kan lọ. Nígbà tí a tan jẹnẹrétọ̀, `Switch>` ni mo tún bá. Orúkọ tí mo fún un ti lọ, pásíwọ́ọ̀dù ti lọ, gbogbo pọ́ọ̀tù ti padà sí bó ṣe wà. Ṣé wọ́n ta ẹ̀rọ tó ti bàjẹ́ fún wa ni?

Apẹja_Báyékù

Hahaha. Ọ̀rẹ́, má bínú pé mo rẹ́rìn-ín, èmi náà ti sunkún irú ẹ̀ rí.

Kò bàjẹ́. Ìwé méjì ni switch ní. running-config ni èyí tó ń lò lọ́wọ́lọ́wọ́, inú RAM ló wà, iná bá lọ, òun náà lọ. startup-config ni èyí tó máa ń kà nígbà tó bá jí. Gbogbo ohun tí o tẹ̀ láàárọ̀, inú èkíní ló bọ́ sí. Níbi tí mo ti wá, ẹja tí o kò bá yan kì í di ọjọ́ kejì. Bí o bá ti parí iṣẹ́ tó ń ṣiṣẹ́ dáadáa, yan án:

```
copy running-config startup-config
```

Á bi ọ́ ní orúkọ fáìlì, ìwọ ṣáà tẹ Enter. Àwọn ọ̀lẹ bíi tèmi máa ń tẹ `wr`.

Nǹkan mìíràn tó máa bí ọ nínú láìpẹ́: bí o bá ṣi `enable` (àṣẹ tó ń fún ọ ní agbára kíkún lórí switch) tẹ̀, tí o tẹ `eanble`, switch á rò pé orúkọ kọ̀ǹpútà kan ni o ń pè, á wá dúró tẹ́tẹ́rẹ́ pé òun ń wá a kiri. Ctrl+Shift+6 lo máa fi já a gbà. Kó má bàa ṣe bẹ́ẹ̀ mọ́, tẹ `no ip domain-lookup` nínú configure terminal, ibi tí a ti ń yí ètò switch padà. Bí o kò bá sì rántí àṣẹ, tẹ `?`. Kò sí ìtìjú níbẹ̀. Ó ti lé lọ́dún mẹ́wàá tí mo ti ń ṣe iṣẹ́ yìí, mo ṣì ń tẹ `?` lójoojúmọ́.

ÌyáSáfà

Ẹ kú ìjókòó, ẹ̀yin ará. Ọmọ_Sábó, kó o tó tẹ àṣẹ kankan, mú bírò àti pépà. Kọ ẹni tó gbọ́dọ̀ rí ẹnìkejì sílẹ̀, kọ ẹni tí kò gbọ́dọ̀ rí i. Tìrẹ rọrùn: gbọ̀ngàn àti sáfà gbọ́dọ̀ ríra, ọ́fíìsì lè dá wà, àlejò kò gbọ́dọ̀ rí ẹnikẹ́ni àfi íntánẹ́ẹ̀tì. Ó di VLAN mẹ́ta. Fi ìkẹrin kún un tí ìwọ nìkan á máa gbà wọlé sí switch fúnra rẹ̀.

```
vlan 10
 name IDANWO
vlan 20
 name OFIISI
vlan 30
 name ALEJO
vlan 99
 name ALABOJUTO
interface range fastEthernet 0/1 - 19
 switchport mode access
 switchport access vlan 10
 spanning-tree portfast
```

Pọ́ọ̀tù 1 sí 18 fún gbọ̀ngàn, 19 fún sáfà. Fi ẹ̀rọ ìtẹ̀wé àti kọ̀ǹpútà ọ́fíìsì sí 20 àti 21 nínú VLAN 20, kí o fi Wi-Fi àlejò sí 22 nínú VLAN 30. 23 àti 24 tí kò ní iṣẹ́, wọ inú wọn kí o tẹ `shutdown`. Ihò tó ṣí sílẹ̀ láìníṣẹ́, ẹnikẹ́ni lè ki wáyà bọ̀ ọ́.

Wáyà tó lọ sí ráútà (ẹ̀rọ tó ń gbé íntánẹ́ẹ̀tì wá) ló máa ru gbogbo VLAN pọ̀, trunk ni wọ́n ń pè é:

```
interface gigabitEthernet 0/1
 switchport mode trunk
 switchport trunk allowed vlan 10,20,30,99
```

Ọ̀pọ̀ fídíò ló máa sọ pé kí o kọ́kọ́ tẹ `switchport trunk encapsulation dot1q`. Lórí 2960, á sọ fún ọ pé `% Invalid input detected at '^' marker.` Má rò pé o ṣàṣìṣe. Àwọn switch tó lè lo oríṣi àmì VLAN méjì lórí trunk ni wọ́n ń bi ní ìbéèrè yẹn. Dot1q nìkan ni tìrẹ mọ̀, kò sóhun tó fẹ́ yàn níbẹ̀.

Ibi tó ṣe kókó wá nìyí, mo sì bẹ̀ ọ́, kà á lẹ́ẹ̀mejì. VLAN dà bí ògiri, ráútà sì ni ẹnu ọ̀nà. Bí ráútà rẹ bá ní àdírẹ́sì nínú VLAN 10 àti nínú VLAN 30, á máa gbé ẹrù (dátà) láti ọ̀kan sí èkejì fún ẹnikẹ́ni tó bá béèrè, àfi tí o bá kọ òfin pé kò gbọdọ̀ ṣe bẹ́ẹ̀. Mo ti rí ibi tí wọ́n ti pín VLAN mẹ́fà tó dára, tí fóònù àlejò ṣì ń rí sáfà nítorí pé ẹnikẹ́ni kò fọwọ́ kan firewall ráútà, ibi tí òfin ẹni tó lè kọjá wà. Kọ ọ́ síbẹ̀ pé ohun tó bá ti VLAN 30 wá kò gbọdọ̀ wọ 10, 20 àti 99. Ká tiẹ̀ ní íntánẹ́ẹ̀tì ló ń falẹ̀ nítorí pé òbí ń wo fídíò, ráútà náà ló máa dín ti wọn kù.

BàbáWáyà

Màdámú, ẹ kú làákàyè. Ṣùgbọ́n VLAN 99 fún ilé kékeré yìí? Èmi á kàn fi àdírẹ́sì sí VLAN 1, mo ti gba ilé lọ.

ÌyáSáfà

Ẹ̀gbọ́n, mo bọ̀wọ̀ fún yín, àmọ́ mi ò gbà. VLAN 1 ni gbogbo pọ́ọ̀tù tí ẹnikẹ́ni kò fọwọ́ kàn máa ń wà. Ẹ ṣí pọ́ọ̀tù kan lọ́la ní kánjúkánjú, ẹ gbàgbé láti yí VLAN rẹ̀ padà, ẹni tó bá kì wáyà bọ̀ ọ́ ti wà ní iwájú ilẹ̀kùn switch yín nìyẹn. Ìlà mẹ́rin péré ni 99 fi gùn ju tiyín lọ.

BàbáWáyà

Ó dáa, mo gbà. Ìlà mẹ́rin kò pọ̀.

Ọmọ_Sábó

Ẹ̀yin méjèèjì, ẹ ṣeun. Ọ̀gá mi ní òun fẹ́ kí n lè tún un ṣe láti ilé mi ní Ìjẹ̀dẹ́ bí nǹkan bá ṣẹlẹ̀ lálẹ́. Nínú fídíò yẹn, Telnet ni wọ́n fi wọ switch láti ọ̀nà jíjìn.

ÌyáSáfà

Fi Telnet sílẹ̀. Gbogbo lẹ́tà tí o bá tẹ̀ ló ń lọ ní ìhòòhò, títí kan pásíwọ́ọ̀dù. SSH ni kí o lò, òun ń pa ọ̀rọ̀ rẹ ní àrokò. Kọ́kọ́ tẹ `show version`, wo orúkọ fáìlì tí switch ń lò. Bí o bá rí `k9` nínú rẹ̀, ó ní SSH. Ó gbọ́dọ̀ ní orúkọ àti domain kó tó lè ṣe kọ́kọ́rọ́, ìdí tí mo fi to àṣẹ wọ̀nyí báyìí nìyẹn:

```
hostname SABO-SW1
ip domain-name ile.local
crypto key generate rsa modulus 2048
ip ssh version 2
username alabojuto privilege 15 secret ...
interface vlan 99
 ip address 192.168.99.2 255.255.255.0
 no shutdown
ip default-gateway 192.168.99.1
line vty 0 15
 login local
 transport input ssh
```

`secret` ni kí o kọ, kì í ṣe `password`. Bí laptop rẹ bá jẹ́ tuntun, ó lè kọ̀ láti bá switch sọ̀rọ̀, kí ó ní `no matching key exchange method found`. Switch yẹn ti dàgbà ni, ọ̀nà ìpàrokò tó mọ̀ ni àwọn ọmọ ìsinsìnyí ti pa tì. Bí o bá ń lo OpenSSH, fi `-oKexAlgorithms=+diffie-hellman-group1-sha1` sí i, tàbí èyí tí òun fúnra rẹ̀ bá dárúkọ nínú ìlà àṣìṣe náà. Nítorí náà, má ṣí SSH rẹ̀ sí íntánẹ́ẹ̀tì gbangba. Gba VPN (ọ̀nà ìkọ̀kọ̀ tó la íntánẹ́ẹ̀tì kọjá) orí ráútà wọlé láti Ìjẹ̀dẹ́.

Ọ̀rọ̀ títún un ṣe láti ilé yìí wá rán mi létí nǹkan. Ilé iṣẹ́ kan wà ní Ẹ̀pẹ́ tí mo ń bá tọ́jú nẹ́tíwọ́ọ̀kì wọn. Lálẹ́ ọjọ́ kan, mo jókòó sórí bẹ́ẹ̀dì mi ní Ìkòròdú níbí, mo fẹ́ fi VLAN 30 kún àwọn tó ń gba orí trunk kọjá. Mo tẹ:

```
switchport trunk allowed vlan 30
```

Mo tẹ Enter. Ojú ìwòran dúró. Mo tẹ Enter lẹ́ẹ̀kan sí i, kò mì. Ìgbà yẹn ni àyà mi já, torí ọ̀rọ̀ kan ni mo gbàgbé: `add`. Láìsí `add`, kò fi 30 kún wọn, ńṣe ló lé gbogbo ìyókù jáde tó fi 30 nìkan sílẹ̀. VLAN tí èmi fúnra mi ń gbà wọlé wà lára àwọn tó lé. Mo gé ẹ̀ka igi tí mo jókòó lé. Aago márùn-ún àárọ̀ mo ti wà lójú ọ̀nà Ìtòìkín, wáyà console lórí ìjókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, kí n lè dé kí àwọn òṣìṣẹ́ tó dé. Ìṣẹ́jú àáyá mẹ́wàá ni àtúnṣe rẹ̀ gbà. Ìrìn rẹ̀ ló pa mí.

Láti ọjọ́ náà, mi ò fọwọ́ kan trunk tàbí àdírẹ́sì láti ọ̀nà jíjìn láìkọ́kọ́ tẹ:

```
reload in 10
```

Ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé, bí mi ò bá sọ nǹkan mìíràn, kó pa ara rẹ̀ kó sì tún jí lẹ́yìn ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Bí mo bá ti ara mi mọ́ta, á jí, á ka startup-config àtijọ́ tí ẹ̀ṣẹ̀ mi kò tíì wọ̀, ilẹ̀kùn á ṣí. Bí gbogbo nǹkan bá lọ dáadáa, mo tẹ `reload cancel`, lẹ́yìn náà ni mo tó yan ẹja bí arákùnrin Báyékù ṣe wí. Èyí tó dára tí o ní tẹ́lẹ̀, fi pamọ́ kí o tó bẹ̀rẹ̀. Èyí tí o ṣẹ̀ṣẹ̀ ń ṣe, má fi pamọ́ títí wàá fi fagi lé reload. Bí o bá fi èyí ẹ̀yìn ṣáájú, àṣìṣe gan-an lo máa yan.

Apẹja_Báyékù

Ìyá wa, mo ti kọ ti reload in yẹn sára ògiri.

Mo fẹ́ fi ọ̀kan kún un fún gbọ̀ngàn náà. Ibì kan wà tí mo ti lọ ṣiṣẹ́, tí akẹ́kọ̀ọ́ kan mú wáyà kan, tó ki ẹnu rẹ̀ méjèèjì bọ ihò méjì lára switch olówó pọ́ọ́kú tó wà lórí tábìlì. Gbogbo iná ń ṣẹ́jú papọ̀ wìrìwìrì, kò sẹ́ni tó lè ṣí ohunkóhun. Ẹrù kan ṣoṣo tó yẹ kó dé gbogbo ilé ló ń yí po, tó ń di púpọ̀, tí kò sì lọ. Wákàtí méjì la fi ń wá a ká tó rí wáyà yẹn lábẹ́ tábìlì. 2960 mọ spanning tree (ọgbọ́n tí switch fi ń rí wáyà tó yí po, tó sì ń dí i), ó lè dáàbò bo ara rẹ̀, ṣùgbọ́n ìwọ ti fi portfast sí pọ́ọ̀tù gbọ̀ngàn, ìyẹn ń sọ fún un pé kó má dúró yẹ̀ ẹ́ wò kó tó ṣí. Fi èyí tẹ̀lé e:

```
interface range fastEthernet 0/1 - 19
 spanning-tree bpduguard enable
```

Bí pọ́ọ̀tù bẹ́ẹ̀ bá gbọ́ ohùn switch mìíràn, tàbí ohùn ara rẹ̀ tó yí padà wá bá a, á ti ara rẹ̀ pa lójú ẹsẹ̀.

Atúnṣe_Ìgbógbò

Ẹ fi tèmi kún un, kò gùn. Bí ọ̀gá yín bá tún ra tòkunbọ̀ kejì láti so mọ́ ti àkọ́kọ́, ẹ tẹ `vtp mode transparent` sórí méjèèjì kí ẹ tó so wọ́n pọ̀. VTP ni ọ̀nà tí àwọn switch Cisco fi ń pín VLAN fún ara wọn. Mo ti rí tòkunbọ̀ méjì tó ti ọ́fíìsì kan náà wá, domain VTP wọn bára mu, revision (nọ́ńbà tó ń ga sí i bí a bá ti ń yí VLAN padà) èyí tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé dé sì ga ju ti èyí tó wà nílẹ̀. Bí a ṣe so wáyà báyìí, ó fi VLAN tirẹ̀ rọ́pò gbogbo VLAN wa. `show vtp status` á sọ gbogbo ẹ̀ fún yín.

Ọmọ_Sábó

Ẹ̀yin àgbà, mo wá jíhìn.

Mo ṣe gbogbo ẹ̀ láti òpin ọ̀sẹ̀. Mo fi fóònù mi sórí Wi-Fi àlejò, mo wá sáfà, mo rí i! Òótọ́ ni Ìyá sọ, ráútà ni. Mo kọ òfin sí i, mo tún wá a, kò sí níbẹ̀ mọ́. Wọ́n mú iná lọ lẹ́ẹ̀mẹta láàárín ọjọ́ méjì, gbogbo ìgbà ni `SABO-SW1` ń jí padà pẹ̀lú orúkọ rẹ̀.

Láàárọ̀ òní, kọ̀ǹpútà tí wọ́n fẹ́ fi sí ìjókòó keje kò rí nẹ́tíwọ́ọ̀kì. Mo tẹ `show interfaces status`:

```
Port    Name   Status        Vlan
Fa0/7          err-disabled  10
Fa0/12         notconnect    10
```

Kọ̀ǹpútà keje àti ìkejìlá wà lọ́wọ́ atúnṣe láti ọjọ́ mẹ́ta. Ìyá tó ń bá wa gbálẹ̀ rí ẹnu wáyà keje tó ń fì nílẹ̀, wọ́n rí ihò ìkejìlá lára ògiri tó ṣófo, wọ́n sì kì í bọ̀ ọ́ kí ilé lè mọ́. Gbogbo gbọ̀ngàn kò mọ̀ pé nǹkan kan ṣẹlẹ̀, àfi pọ́ọ̀tù keje tó ti ara rẹ̀ pa. Mo yọ wáyà, mo wọ inú pọ́ọ̀tù náà, mo tẹ `shutdown`, mo tẹ `no shutdown`, ó jí. Arákùnrin Báyékù, ẹja wà fún yín ní Sábó.

BàbáWáyà

O káre, àbúrò. Ó ku ọ̀kan: kọ pásíwọ́ọ̀dù sínú ìwé, kí ọ̀gá rẹ tọ́jú rẹ̀ sínú àpótí owó. Má lẹ̀ ẹ́ mọ́ ara switch bí àwọn kan ṣe máa ń ṣe o.

Ọmọ_Sábó

Bàbá, mo ti lẹ̀ ẹ́ mọ́ ọn láti àná. Mo ń lọ yọ ọ́ báyìí.